Ààwẹ̀ Tí Mo Fi Ẹ̀rọ Ṣọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì, 2025

Lẹ́yìn àsàlátù ni àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Joju, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ yẹn ló fà mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí lára mi. Nígbà tó kan ti ìka, ẹni tó gún mi wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó tún wo ẹ̀rọ.

"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì àti tíì."

"Ṣúgà mélòó nínú tíì?"

Mo ní ẹyọ kan. Márùn-ún ni.

Ó ní láti alẹ́ ọ̀la kí n má fi nǹkan kan kan ẹnu, kí n wá sí kílíníìkì wọn lójú ọ̀nà Ìdírókò láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, kí n bèèrè Nọ́ọ̀sì Ṣóbándé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kejì

114. Nọ́ọ̀sì Ṣóbándé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi bírò yí i po bí ìgbà tí tíṣà bá rí àṣìṣe. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ ga ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní tí èèyàn kò bá tíì jẹun láàárọ̀, kó má ju 99 lọ. Tó bá ti di 126, tí wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. Èmi wà láàárín.

"Kò tíì wọlé," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ti gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ ṣì lè lé e."

"Oògùn wo ni n ó lò?"

"Ẹsẹ̀ yín ni oògùn. Ẹ máa rìn. Ẹ gé ẹ̀bà yín sí méjì, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ dí àlàfo rẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò, ó dìgbóṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà wá."

Ó ní kí n ra ìwé, kí n máa kọ ohun tí mo bá jẹ àti bí ara mi bá ṣe rí sí i. Ìwé náà nìyí. N kò mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ohun tó ju orúkọ mi lọ.

Ogún ọdún ni mo ti wà nílé-iṣẹ́ súwíìtì ní Sango níbí. Èmi àti Fọlájìmí la wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gbọn ṣúgà lẹ́búlẹ́bú sára súwíìtì kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Mo ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ 114 yìí fún un. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ọ̀gá Rùfáì! Ẹni tó ń ta epo, aṣọ rẹ̀ ni epo ń bà jẹ́. Tiyín ló wọnú ẹ̀jẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ jókòó títí wọ́n fi wá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kejì

Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà, pẹ̀lú àádọ́ta sítíríìpù, ìyẹn pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Bùsọ́lá ìyàwó mi, ìyá Al-Ameen, wo páálí náà, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká fi rí ire.

Ẹ̀gbọ́n mi Hàlímọ̀tù gbọ́ ariwo wa, ó jáde láti yàrá ẹ̀yìnkùlé tó ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọdún kẹfà nìyí tí òun ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jù mí. Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló pọ̀n mí, owó ẹ̀kọ tó ń tà ló fi rán mi nílé-ìwé.

"Àkànní, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn tó o fi dijú mọ́ ọn báyìí?"

"Bí a ṣe ń lò ó ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gígùn rẹ̀ wá tó báyìí?"

"Òyìnbó fẹ́ràn ọ̀rọ̀."

Ó na ìka sí mi bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gé èékánná fún. Bùsọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán ni, òun ló bá a di ọwọ́ náà mú. 171, ó ti jẹun ọ̀sán. "Dókítà Àkànní," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ sínú yàrá. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú mi dùn, nítorí nǹkan díẹ̀ ni mo mọ̀ láyé tí kì í ṣe òun ló kọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

109 láàárọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé abẹ́ bíríjì. Ooru. Kò síná láti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kejì

110 láàárọ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo tún gún un: 238. Mo rò pé n kò rí i dáadáa. Mo gún ìka kejì: 226. Ẹ̀wà lásán ni mo jẹ lọ́sàn-án. N kò lè jẹ oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kejì

Ìrọ̀lẹ́, 251. Àárọ̀ dáa, ìrọ̀lẹ́ burú. Ó yẹ kí n lọ bi Nọ́ọ̀sì Ṣóbándé. N kò lọ. Ojú ń tì mí, kó má lọ rò pé mo ń fi ẹlẹ́rìndòdò pamọ́ mu. Mo jókòó, mo dá a rò fúnra mi, mo ní wàhálà iṣẹ́ ló ń gbé e sókè tí oòrùn bá ti ń wọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28 oṣù kejì

Wọ́n ti rí oṣù. Ọ̀la ni ààwẹ̀.

Àpọ́nlé wá láti Ìyànà Ìyẹ̀sí, níbi tó ti ń ta ìwé àti bírò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òun nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi bí. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yìí ló bá wá.

"Màámi, dókítà ní ẹ má gbà á. Ẹ fi oúnjẹ bọ́ aláìní dípò rẹ̀, ó tán."

"Láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni mo ti ń gbààwẹ̀. Ṣé kí n wá máa jẹ ẹ̀kọ lọ́sàn-án kí àwọn ará Joju máa yọjú wò mí?"

"Ta ló ní kí ẹ jẹ ẹ́ níta?"

"Ọlọ́run kò sí nínú ilé ni?"

Èmi ni mo dá sí i. Kò sẹ́ni tó pè mí sí i. Mo ní kí Àpọ́nlé fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, n ó máa wọn ṣúgà ìyá rẹ̀ láràárọ̀, ọjọ́ tí kò bá dáa n ó ní kó ṣínu. Àpọ́nlé yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá Rùfáì, ọwọ́ yín ni mo fi wọ́n sí o."

"Fi wọ́n síbẹ̀," mo ní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Ọjọ́ kìíní. Ẹ̀gbọ́n mi 131 láàárọ̀, èmi 108. Ooru bí ẹni pé wọ́n dáná sórí páànù. Ó gbà á já. Ó ṣínu, ó nu ẹnu, ó ní, "Dókítà, ṣé o rí mi?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

103! Mo lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì. Ẹ̀gbọ́n mi 122. Sítíríìpù ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Mo ní kí Bùsọ́lá má jẹ́ kó gbọ́, nítorí tó bá gbọ́ kò ní jẹ́ kí n gún òun mọ́.

Ìrọ̀lẹ́, 264. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀tá mi.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Mo sọ fún Fọlájìmí pé ara aláàwẹ̀ máa ń kó ṣúgà jọ tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ni.

"Ẹ̀rọ kì í kúkú purọ́," ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo ti ń kọ eléyìí. N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Lánàá, ọjọ́ kejìdínlógún ààwẹ̀, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ojú òun ń ṣú, ebi ń pa òun bí ẹni tí kò jẹun lọ́jọ́ mẹ́ta. 118 ló wà láàárọ̀.

Bùsọ́lá ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣínu."

Mo ní kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, n kò wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́ rí. Bùsọ́lá bu omi wá pé kí n fọ ọwọ́, kí n bọ́jú. Mo ní àlùwàlá tí mo ṣe ní aago kan ṣì wà lára mi, kò tíì bàjẹ́, kó gbé omi rẹ̀ kúrò. Mo gún ìka ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀jẹ̀ kò tètè yọ, mo fi àtàǹpàkò mi fún un títí ó fi yọ.

389.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, orí mi tún wú díẹ̀. Mo ní àbí ẹ kò rí i, mo sọ ọ́, ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀tá. Oògùn tó máa ń lò tó bá ṣínu, ẹyọ kan ni. Mo fún un ní mẹ́ta. Mo ní kó fi omi gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, ó na ọwọ́ sí àwo dàbínù. Mo gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹyọ kan péré, Àkànní. Súnnà ni."

"Omi náà, Súnnà ni."

"Ara mi ń wá a."

"Ẹ̀gbọ́n mi, dídùn tó wà lára yín ti pọ̀ jù."

Bùsọ́lá ní, "Bàbá Al-Ameen, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń làágùn."

Mo bi í pé ṣé òun ló ka ìwé ẹ̀rọ ni. Mo bu ẹ̀fọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi láìfi òkèlè kankan sí i. Ó fọwọ́ kàn án díẹ̀, ó ní òun fẹ́ sùn. Mo lọ kírun Íṣà. Kí n tó dé, Bùsọ́lá ti ń ké pé wọn kò jí.

A fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá síbí. Ẹ̀rọ tiwọn kà 24. Dókítà ní kì í ṣe pé ṣúgà pọ̀, ó ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, ọpọlọ kò rí nǹkan jẹ. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára.

"Oògùn mélòó ló lò?"

"Ẹyọ kan," mo ní.

Bùsọ́lá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ilẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ṣúgà rẹ̀ gòkè dé 140, wọ́n dín omi kù. Nígbà tó di ọ̀sán ó ti tún wálẹ̀ sí 31. Dókítà ń mi orí, ó ní ẹyọ kan kọ́ ló ń ṣe báyìí. Nígbà náà ni mo tó tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní ó jọ pé mẹ́ta ni. Ó ní ta ló fún un. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló lò ó. Mo ní kò mọ̀wé.

Mo kọ ọ́ síhìn-ín. Mo ní kò mọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Ojú rẹ̀ là lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án. Kò wo ẹnì kankan.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi Hàlímọ̀tù kú láàárọ̀. A sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìhà ẹsẹ̀ ni mo dì mú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀. Kò wúwo rárá.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Àwọn akíni ń fi ẹrẹ̀ wọlé.

Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó, Àpọ́nlé á sọ ohun tó gbọ́ ní ọsibítù fún un. "Màámi ò mọ̀wé, ẹ ò rí i. Wọ́n lọ ka oògùn mẹ́ta bí ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá Rùfáì wà nílé lásìkò yẹn ni, wọn ì bá ti gbà á lọ́wọ́ Màámi." Àwọn akíni á wò mí, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ kú ìrọ́jú." Mo ń pín omi inú ọ̀rá fún wọn. Bùsọ́lá kò jáde láti ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Lẹ́yìn iṣẹ́, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Nọ́ọ̀sì Ṣóbándé. Mo fẹ́ kó bá mi kọ ìwé pé ayédèrú ni, kí n fi mú ẹni tó tà á fún mi. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún ẹni náà jọ. Láti ọjọ́ méje, ohun àkọ́kọ́ tó dùn mọ́ mi nìyẹn.

"Ẹ wọn ara yín kí n rí i," ó ní.

Mo gún ìka: 247. Ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lójú ìka kan náà: 255.

"Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ibi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Súwíìtì."

Ó gba ọwọ́ mi, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó ń dán. Ogún ọdún, n kò rí i rí pé ó ń dán.

"Bàbá, ẹ lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́."

"Mo ní àlùwàlá."

"Àlùwàlá fún Ọlọ́run ni. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fọ ọwọ́."

Mo fọ̀ ọ́. Ó fún mi ní bébà láti fi nù ún gbẹ. Ìka mìíràn: 98. Ẹ̀rọ tirẹ̀: 101.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ ń wò kò tó orí abẹ́rẹ́, nítorí náà ṣúgà bíńtín tó bá wà lójú ìka ti tó láti dà á rú. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá inú ló ti wá tàbí ìta. Ó ní bí èèyàn bá bó ọsàn tàbí tó mú dàbínù láìfọ ọwọ́, bákan náà ni. Ó ní ẹlòmíràn náà tó bá fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìka aláìsàn, bákan náà ni. Ó ṣí ìwé inú páálí mi. Àwòrán kìíní: ọwọ́ méjì lábẹ́ omi. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn. N kò wo àwòrán. Mo rò pé àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n yà á fún.

"Ẹ ò fi wọn ẹlòmíràn, àbí?"

Mo ní rárá.

Mo fẹsẹ̀ rìn wálé. N kò mọ ibi tí mo gbà.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28 oṣù kẹta

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Alùfáà wàásù pé ìmọ̀ dára, pé àìmọ̀wé ló gba ẹ̀mí ìyá wa yìí, kí kálukú máa bi àwọn ọmọ léèrè kí wọ́n tó lo oògùn. Wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n ṣàdúrà fún mi, àbúrò rere tó tọ́jú ẹ̀gbọ́n. Mo dìde. Wọ́n ṣe é. Mo ṣe àmín. Àpọ́nlé kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ló kù tí mo ní." Mo fi ọwọ́ kàn án lórí. Mo tètè mú ọwọ́ náà kúrò.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, Bùsọ́lá ń gbálẹ̀. Kò wò mí.

"N ò ní bá yín sọ ọ́," ó ní. "N ò sì ní bá yín bò ó mọ́."

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Ọdún. Mo kírun ní yídì. N kò rántí ohun tí mo kà.

Ọjọ́ Jímọ̀, 4 oṣù kẹrin

Mo dé Ìyànà Ìyẹ̀sí. Mo dúró ní òdìkejì títì, mo ń wo ṣọ́ọ̀bù Àpọ́nlé. Mo padà sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹrin

Àpọ́nlé ló pè mí wá. Ó ti kó àwọn páálí oògùn ìyá rẹ̀ sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka èyí tó kù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ṣì í. Ṣé wọ́n rí ilà mẹ́ta lára ẹ̀ ni? Èmi tí mo ń ta ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ, n ò lè jókòó kọ́ ìyá mi ní oókan, eéjì." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara rẹ̀ níwájú orí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, Bọ̀ọ̀dá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ìyá rẹ mọ oókan. Òun ló kọ́ mi ní oókan, eéjì, hóró àgbàdo ló fi kọ́ mi, lórí ẹní. Kò ṣì í kà. Èmi ni mo fún un."

"Ẹ fún un ní kí ni?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọwọ́ mi, ti ẹ̀rọ, ti mẹ́ta, ti àwo dàbínù, ti irọ́ tí mo pa fún dókítà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ ọ títí. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Wọ́n bẹ̀ yín?"

"Wọ́n bẹ̀ mí."

"Dàbínù mélòó ni wọ́n bẹ̀ yín fún?"

"Ẹyọ kan."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan yọjú, ó ń bèèrè bírò pupa. Àpọ́nlé dìde, ó mú bírò, ó fà á sórí bébà bóyá ó ń kọ, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì. Ó padà wá. Kò jókòó.

"Ẹ máa lọ sílé, Bọ̀ọ̀dá. N ò fẹ́ kí ẹnu mi bú yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé ìyá mi ò mọ̀wé, ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún wọn. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Kí ẹ má sì pè mí."

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kẹrin

Mo dìde ní àsàlátù, mo sọ ọ́. Ohùn mi kò jáde dáadáa, àwọn ará ẹ̀yìn ní kí n sọ ọ́ sókè, mo tún un sọ sókè. Alùfáà ní àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni. Ìyá àgbàlagbà kan ní iwájú pòṣé, ó ní, "Àkọsílẹ̀ Ọlọ́run, ó sì gbé àwo kúrò níwájú ẹ." Mo jókòó.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹrin

Ilé mẹ́wàá ni mo ti dé. Ó ku mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ti ilẹ̀kùn nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Báyìí, Fọlájìmí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ì bá dára kó ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹrin

Mo parí ilé kẹrìnlá. N kò pe Àpọ́nlé láti sọ fún un. Ó ní kí n má pe òun.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù kárùn-ún

Òjò. Bùsọ́lá bu ẹ̀bà fún mi, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kárùn-ún

Oṣù mẹ́ta pé. Mo lọ sí kílíníìkì láìjẹun. 97. Nọ́ọ̀sì Ṣóbándé pàtẹ́wọ́. Ó tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí lára èèyàn láti oṣù mẹ́ta; ó ní èsì rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí òun rí yìí, mo ṣe é. Mo ní mo dúpẹ́. Mo sọ fún un pé mo fi wọn ẹlòmíràn. Ó wò mí, ó fi bírò sílẹ̀.

Ó mú káàdì tuntun jáde. Ó ní ó ku ibì kan, ẹni tí wọn yóò pè tí nǹkan bá ṣe mí. Mo ní Bùsọ́lá. Ó ní wọ́n ti kọ tìyàwó, wọ́n tún fẹ́ ẹbí kan, ẹni tí a kò jọ gbé inú ilé. Mo ní kò sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ kì í ṣe ọmọ àdáwà." Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ lórí. Mo kà á fún un, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. N kò mọ̀ pé ó fẹ́ pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má pè é, ṣùgbọ́n ó ti ń dún, ó sì ti gbé ohùn fóònù sókè kí a jọ gbọ́.

"Ta ni o?"

"Láti kílíníìkì ni, mà. Ẹ mọ Rùfáì Ọ̀ṣìnúbí?"

Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń ná ọjà.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, mà. A fẹ́ mọ̀ bóyá a lè kọ orúkọ yín sílẹ̀, pé ẹ̀yin ni ká pè tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀."

Ẹni tó ń ná ọjà ń ná an lọ. Mo wo ilẹ̀ yàrá náà, táìlì kan ti sán láàárín.

"Ẹ kọ ọ́," Àpọ́nlé ní.

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín, mà?"

"Àbúrò ìyá mi ni."

Ó pa fóònù. Kò ní kí òun bá mi sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n rí bó ṣe kọ ọ́. Ó yí káàdì náà sí mi. Mo kà á, mo tún un kà, títí ó fi ní kí n dákun dìde, ẹlòmíràn ń dúró.